Pẹ̀lẹ́ Tí N Kò Dáhùn

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àwọn tó wà nínú kíláàsì wa ní Inísà ni bàbá alápatà, ìyá ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata, ọ̀dọ́bìnrin onídìrí kan tó pọn ọmọ, àwọn bíi mẹ́jọ mìíràn, àti èmi tí mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìtàn kúkúrú kan ni mo ń kà kí wọ́n lè máa kà á tẹ̀lé mi. N kò tíì parí ìlà kejì tí ikọ́ fi mú mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà!" Gbogbo wọn ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ṣé," ni mo wí. Bí mo ṣe la ẹnu dá wọn lóhùn ni ikọ́ mìíràn gba ibẹ̀ jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

"Ẹ ṣé o."

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹ mu omi díẹ̀."

Mo dúpẹ́ omi. Ikọ́ tún dé. Wọ́n tún kí mi. Nígbà tí mo fi gbé ojú sókè, àwọn obìnrin méjì tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn ti gbé báàgì wọn, wọ́n ti jáde. Ní Ọjọ́bọ̀, wọn kò wá.

Kíláàsì àwọn àgbà ni kíláàsì náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló dá a sílẹ̀, yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a sì ń lò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ìwé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó lè ka àkọlé ara ọkọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la gẹdú ní Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyàwó mi ló fà mí lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó jókòó sí ìta títí a fi ṣíwọ́, kí n má baà sá. Òun ló tún ní kí n lọ síwájú, kí n gba ìwé ẹ̀rí, kí n wá máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó ti di olóògbé báyìí. Kíláàsì yìí ni ohun tó gbẹ́yìn nínú ohun tí a jọ dáwọ́ lé.

Láti ibi ìlagi náà ni imú mi ti ń dí. Lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń kún ibẹ̀, ẹnu la fi ń mí. Mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń bá a lọ láti máa fi ẹnu mí. Tí ọ̀fìnkìn bá dé, kì í lọ bọ̀rọ̀. Iwájú orí mi á wúwo, abẹ́ ojú mi á máa ro mí bí ẹni pé wọ́n di nǹkan sínú egungun. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ikọ́ kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, òjò lọ, kò bá a lọ.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ní Ìkìrun. Wọ́n wo àyà mi, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Kì í ṣe ikọ́ ife. Mo mú ìwé àyẹ̀wò náà lọ sí kíláàsì, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e, mo rí i pé wọ́n ti sún àwọn bẹ́ǹṣì sẹ́yìn.

Kò pẹ́ sí i ni alábòójútó wa pè mí láti Òkukù. Màmá àgbà ni wọ́n, ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé àwọn èèyàn yín ń dín kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ní ikọ́ yín ni wọ́n ń sá fún."

"Mo ti ṣe àyẹ̀wò, mà. Kì í ṣe ikọ́ burúkú."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tí kò lè ka ojú ìwé kan tán, kí ni yóò kọ́ èèyàn? Ẹ lọ tọ́jú ara yín. Tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, n ó wá jókòó tì yín. Bí mo bá bá a bẹ́ẹ̀, n ó kó wọn pọ̀ mọ́ kíláàsì ti Òkukù níbí."

Mo sọ fún kíláàsì. N kò bo nǹkan kan. Bàbá alápatà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi? Kí n pa màlúù tán, kí n wẹ ẹ̀jẹ̀, kí n tún wọkọ̀ lọ sí Òkukù lọ kọ́ A, B, D? Ẹ bá mi kí wọn o."

Ìyá ẹlẹ́rọ ní bí òun bá pa ẹ̀rọ òun tì lọ sí Òkukù, oníbàárà kan kò ní dúró de òun. Onídìrí ń yẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí yóò lọ. Bí kíláàsì bá kúrò ní Inísà, ìwé ti parí fún wọn nìyẹn. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé kò ní kúrò.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun, wọ́n júwe nọ́ọ̀sì àgbà kan fún mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn tí èémí ń yọ lẹ́nu bí a ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ó yà mí lẹ́nu. Ta ni kò mọ bí a ṣe ń mí?

Ó ní kí n jókòó. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò mí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé gbogbo àdúgbò lẹ ń mí fún ni? Mo ń gbọ́ yín láti ìdí fèrèsé. Ẹ wo èjìká yín bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sílẹ̀."

"Wọ́n ní kí n máa mí kanlẹ̀ ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí ló dé tí ẹ ò fi imú mí?"

"Imú mi dí."

"Ó dí, ẹ ò lò ó. Ẹ ò lò ó, ó tún dí sí i. Kí ló wà nínú àpò yín yẹn?"

Ìgò kékeré oògùn tí mo ń kán sí imú ni. Mo yọ ọ́ fún un. Ó bi mí pé mo ti ń lò ó tó ìgbà wo. Mo ní ó pẹ́. Ó gbé e sórí tábìlì, kò dá a padà fún mi.

"Oògùn ọjọ́ díẹ̀ nìyí, Bàbá. Tó bá ti pẹ́ lára imú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. A ó jọ já a díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ro pé kò ní nira o."

Ó wá kọ́ mi. Kí n jókòó tààrà, kí èjìká dẹ̀. Kí n pa ẹnu dé. Kí n fa èémí kékeré símú, kí n tú u síta jẹ́jẹ́. Kí n wá fi ìka méjì di imú mú, kí n máa mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbà fún èèyàn, títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè afẹ́fẹ́. Kí n má jẹ́ kó di ìjàkadì. Tí mo bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, imú ni kí n tú sílẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikọ́: tó bá ń rìn mí lọ́nà ọ̀fun, kí n gbé itọ́ mì, kí n pa ẹnu dé, kí n fi imú mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi kọjá. Ikọ́ tó wúlò, tó ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, kí n fún un láyè. Èyí tó gbẹ, tó kàn ń pe ọmọ ìyá rẹ̀ wá, kí n má ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo di imú mú, mo mi orí, mo tú u sílẹ̀. Ihò imú apá ọ̀tún ṣí díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wọlé níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òórùn nǹkan kan dáadáa. Òórùn ìzáàlì ni mo gbọ́, èyí tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

Ó nira. Nígbà tí kò sí oògùn imú mọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi amọ̀ dí ihò méjèèjì. N kò sáré padà sídìí ìgò. Mo ń ṣe é láàárọ̀ kí n tó jẹun, mo ń ṣe é kí n tó sùn, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn bó ṣe ní kí n máa sùn. Láti ilé mi ní Ìkìrun dé ibi tí mo ti ń wọkọ̀, mo ń rìn lẹ́nu pípadé. Tí ojú ọ̀nà bá gòkè, tí ara bá fẹ́ la ẹnu, mo dín ìrìn kù dípò rẹ̀. Àwọn èèyàn kí mi, mo tẹ orí, mo gbọ́wọ́ sókè. Ọkùnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pariwo láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Àgbà, ṣé wọ́n ti ń gba owó orí lórí 'ẹ káàárọ̀' ni?" Mo rẹ́rìn-ín fún un láti inú imú. Ẹnu wà ní pípadé.

Nílé, ikọ́ náà ń gbà fún mi. Lójú ọ̀nà, ó ń gbà. Inú kíláàsì nìkan ni kò ti gbà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Tí ikọ́ bá kọ́kọ́ dé ní kíláàsì, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dúpẹ́."

"Ẹ máa ń ṣe kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Tí mo bá dáhùn, afẹ́fẹ́ á gba ẹnu wọlé, ikọ́ á padà dé, wọ́n á tún kí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó wò mí, tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

"Ẹ má dáhùn mọ́ nìyẹn."

"Kí àgbàlagbà kí mi pẹ̀lẹ́, kí n yíjú?"

"Ẹ ní kí wọ́n má kí yín mọ́."

"Àwọn ará Inísà?"

Ó pe ẹni tó kàn wọlé.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún un. Nígbà tí ìyàwó mi wà, bí mo bá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, á ti sọ pé "pẹ̀lẹ́" láti ilé ìdáná, láìgbé ojú kúrò lórí ohun tó ń ṣe. N kò ka ìyẹn sí nǹkan nígbà náà. Lẹ́yìn tó lọ, mo máa ń wúkọ́ nínú ilé, ilé á sì dákẹ́. Ní kíláàsì, ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án ló ń sọ ọ́. N kò yára láti ní kí wọ́n dákẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà ká fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti ń bọ̀. Eruku ti ń bo ewé ẹ̀bá títì Òkukù. Mo sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n má kí mi mọ́.

Ìyá ẹlẹ́rọ ni ó kọ́kọ́ bínú. "Kí n máa wò yín kí ẹ máa wúkọ́, kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́? Ṣé ẹ ṣẹ̀ mí ni?"

"Oògùn mi ni. Ẹ bá mi lò ó."

"Tíṣà," bàbá alápatà wí, "màlúù pàápàá, tó bá wúkọ́ níwájú mi, mo máa ń kí i."

"Kí ẹ tó pa á ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ bá pa á tán?" onídìrí bi í.

"Ṣáájú ni. Lẹ́yìn ìyẹn kì í dáhùn mọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ẹ̀ la ẹnu. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá ẹlẹ́rọ tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ó ní òun kò lè mú pẹ̀lẹ́ lọ sílé, á máa dun òun nínú. Ó wá ní kí a jẹ́ kí wọ́n kó o jọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Tí a bá ti ṣíwọ́, tí a ti dé ìta, kí wọ́n kí mi lápapọ̀, kí n sì dáhùn lápapọ̀.

Ìyẹn ni a ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ikọ́ dé láàárín ìlà. Mo rí gbogbo ẹnu tó ṣí. Bàbá alápatà fi àtẹ́lẹwọ́ bo tirẹ̀. Yàrá náà pa rọ́rọ́. Mo gbé itọ́ mì, mo fi ìka kan imú, mo ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ikọ́ náà dúró ní ọ̀fun mi bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọn kò dá lóhùn. Nígbà tó ṣe, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti dúró.

A ṣíwọ́, a jáde. "Ẹ pẹ̀lẹ́ gbogbo ti òní o, tíṣà!" Àwọn tó ń kọjá lọ yíjú wò wá.

"Ẹ ṣé o," ni mo wí. Mo wúkọ́ níta, ẹ̀kọ́ sì ti parí.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tútù nu pátákó kí ṣọ́ọ̀kì má baà fò. Onídìrí ní òórùn nǹkan tí wọ́n fi ń na irun máa ń dí imú òun, kí n kọ́ òun náà. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó lọ. Láti ìgbà náà, kí a tó ṣí ìwé, gbogbo wa á jókòó tààrà, a ó pa ẹnu dé, a ó mí jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tó sá padà wá. Ó sún bẹ́ǹṣì rẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀.

Alábòójútó wá ní Ọjọ́bọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Eruku pupa ti bo ojú fèrèsé. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn, mo kọ́kọ́ di imú mú lẹ́yìn pátákó, mo tú u sílẹ̀, mo jáde lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n fi ánkáṣífù bo imú.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Mo ka ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n kà á tẹ̀lé mi. Mo ka ìkejì, mo ka ìkẹta. Mo ń fi imú fa èémí láàárín ìlà kan sí èkejì, mo sì ń rọra kà. Ní ìdajì ojú ìwé ni atẹ́gùn gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé eruku dání. Ikọ́ dé. Ẹ̀ẹ̀kan ló jáde. Kíláàsì pa ẹnu dé pọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, tíṣà."

Alábòójútó ni. A kò rántí wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn!" ìyá ẹlẹ́rọ kígbe.

"Ha! Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fi í pamọ́ ná, mà," bàbá alápatà wí, ó sì dìde dúró kó tó sọ ọ́. "A máa ń kó o jọ ni. Tí a bá ṣíwọ́, ẹ ó sọ tiyín."

Alábòójútó kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. Ẹni tó jù mí lọ, tí iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ wọn, kí mi pẹ̀lẹ́ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Gbogbo bí àwọn òbí mi ṣe tọ́ mi ló ń tì í jáde. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ikọ́ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkẹta sì wà lẹ́yìn ìyẹn. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo tẹ orí ba. Mo di imú mú. Mo pa ẹnu dé.

Ó pẹ́ lójú mi. Ọmọ onídìrí ń fi ọwọ́ lu ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, òun nìkan ló ń dún. Mo tú imú sílẹ̀. Èémí kékeré kan wọlé, òmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀fun mi dákẹ́. Mo gbé ìwé, mo ka ìlà tó kàn. Mo ka ojú ìwé náà tán. Mo ní kí bàbá alápatà kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ó padà, ó tún un kà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́.

Alábòójútó ti mú ánkáṣífù kúrò ní imú. Wọ́n dìde.

"Kíláàsì yìí á dúró síbí," ni wọ́n wí.

Mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn."

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣeré ni. Ojú wọn kò sọ. Ọkọ̀ ti ṣí kí n tó mọ ohun tí n ó wí. Lẹ́yìn mi, kíláàsì ti tú jáde síta, wọ́n ń pariwo pẹ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń jó. Mo dá wọn lóhùn. Ti ẹnì kan ló kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo ṣe ti imú mi bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo wọ aṣọ tí ìyàwó mi fẹ́ràn, mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Ìkìrun láàárín àwọn aláta àti àwọn alágbàdo. A kọjá Inísà. N kò la ẹnu títí a fi dé Òkukù. Wọn kò tíì dé ọ́fíìsì. Mo dúró sábẹ́ igi tó wà níwájú ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣé ti àná."

Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo sì pa ẹnu dé.